Orúkọ Méjìdínlógójì Tí Mo Kọ

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a ṣe ìwọ́de ni àbúrò ọkọ mi sáré wọlé. "Ìyá Ṣeun, ìwé orúkọ yín ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá o."

Ẹ ṣáà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ajínigbé ti lé wa kúrò lóko ọ̀nà Rore, iṣu ń jẹrà sínú ebè. Ẹ̀rù yẹn ló kó wa jáde lọ ṣe ìwọ́de ní Ọ̀mù-Àràn. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ obìnrin. Bí mo ṣe máa ń ṣe ní mítìn, mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá sínú ìwé, àwa méjìdínlógójì, kí á lè mọ ẹni tó sá fún iṣẹ́ ìlú. Màmá Bùnmi tiẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Tíṣà, kọ tèmi gàdàgbà o, kí wọ́n má sọ pé mi ò wá!"

Àwọn kan tí a kò mọ̀ rí dáná sun mọ́tò ìjọba. Ọlọ́pàá yin tajútajú. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń sá.

Màmá Bùnmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Èmi sá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjàrà-Ìsin. N kò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run: kí Ó fi mí pamọ́ nìkan ni mò ń gbàdúrà. Ẹgbẹ́ tú ká. Àwa tí a jọ kọrin lójú títì kò kí ara wa lọ́jà mọ́. Ẹ̀jẹ̀ Màmá Bùnmi ru ní àtìmọ́lé; ọjọ́ kejì tí wọ́n tú u sílẹ̀ ló kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àdúrà mi yí padà. Mo ní, Olúwa, ṣáà mú mi débẹ̀. Ẹ̀rù náà kò lọ o, òun ni mo gbé dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ ìwé náà, orúkọ àwọn tó wá ni, kì í ṣe ti àwọn tó sun mọ́tò.

Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, ta ló ń mú rẹ́jísítà lọ sí ìwọ́de?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò ní àtìmọ́lé. Lẹ́yìn náà, kóòtù, oṣù dé oṣù.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Nínú àwa tó kù nínú ìwé náà, kò sí ẹni tí wọ́n tún máa pè lẹ́jọ́. Ògo ni fún Jésù! Ẹ bá mi yọ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra pàtẹ́wọ́: Bùnmi jókòó sí ìlà kẹta, òun ló ní kí n wá jẹ́rìí.