Irọ́ Tí Mo Pa Lórí Ẹ̀rọ Àyẹ̀wò Ọkàn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ayọ̀ kún ilé mi lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò lè yọ̀ ọ́ tán. Ara mi ti yá. Ohun tí mo ṣe kí ó tó yá ni mo fẹ́ sọ. Ó ti tó bí ọdún kan tí mo ti ń gbé e mì. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo sọ ọ́ fún ènìyàn méjì, mo sì rí i pé ẹnu mi lè gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Tísà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Ajara ni mo ń gbé. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, èmi nìkan ló kù nínú ilé tí a jọ kọ́. Lọ́dún tó kọjá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi bí mo bá rìn lórí iyanrìn etí òkun. Bí mo bá jókòó, á lọ. Dókítà yẹ ọkàn mi wò lórí ibùsùn, kò rí nǹkan kan. Ó ní ọkàn tó ń sinmi lè fi àìsàn pamọ́, pé òun fẹ́ fi ẹ̀rọ wò ó lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀rọ náà ń fi iná sí ènìyàn lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn fúnra rẹ̀ ló ní iná kékeré tó fi ń lù. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ àyà yín, ẹ ó máa rìn lórí ẹ̀rọ tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, bí iná náà ṣe ń lọ á sì máa hàn lórí ìwé. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọkàn tó nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, ìlà orí ìwé á wọlẹ̀.

Wọ́n ní kí n má lo oògùn tó ń dín ìsáré ọkàn mi kù fún ọjọ́ méjì ṣáájú. Mo lò ó. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo lò ó, kí ọkàn mi má baà sáré débi tí àìsàn á fi hàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, ń gbé ní Ìbàdàn. Ó ti sọ fún mi pé, "Màámi, bí ìwé yẹn bá fi lè ní ọkàn yín ò dáa, ẹ ó palẹ̀ ẹrù yín mọ́ ni o. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀." N kò sì fẹ́ kúrò nílé mi.

Sẹ̀wánù ló wà nídìí ẹ̀rọ. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ni òun náà báyìí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Tísà, ẹ̀yin lẹ máa ń ní ká sáré yí pápá ká bí a bá pẹ́. Ó kàn yín lónìí."

Bí ẹ̀rọ ṣe yára sí i, àyà fún mi. Mo ní orúnkún ló ń dùn mí. Ó wo ìwé, ó ní, "Ọkàn yín ò sáré tó bó ṣe yẹ. Ṣé ẹ ò lo oògùn yẹn?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀, Sẹ̀wánù?"

Ojú tì í pé ó bi mí. Ìlà náà kò wọlẹ̀, wọ́n sì ní kò séwu.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo ṣubú ní ibùdókọ̀ Morogbo. Ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé mi lọ, wọ́n rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lára ọkàn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Wọ́n ti páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́ láti là á.

Inú bí Bọ́lá. Ó lọ bá wọn níbi àyẹ̀wò, ó ní ẹni tí kò mọṣẹ́ ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ. Sẹ̀wánù sọ pé òun bi mí léèrè oògùn. Wọ́n wá bi èmi náà. Mo ní n kò rántí. Mo rántí. Wọ́n mú un kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní kó máa to káàdì àwọn aláìsàn. Ó tún wá kí mi nílé, ó gbé àgbọn wá, kò sì dárúkọ ẹ̀rọ rárá. Mo jẹ àgbọn náà.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá tún àyẹ̀wò náà ṣe. Mo ní n kò ní gun ẹ̀rọ àfi bí wọ́n bá pe Sẹ̀wánù. Nígbà tó dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú òun àti dókítà: oògùn, àyà, orúnkún, àti pé mo rántí.

Sẹ̀wánù ní, "Mo fura, Tísà. Ẹnu ni mi ò ní tí mo lè fi pè yín ní òpùrọ́."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó yára gbá mi mú. "Ẹ fẹ́ kí ẹ̀mí mi kúrú ni? Orúnkún tẹ́ ẹ ní ó ń dùn yín yẹn, ẹ má lò ó. Ẹ gun ẹ̀rọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ wáyà mọ́ mi. Mo rìn. Wọ́n gbé iwájú ẹ̀rọ ga, ó tún ga sí i. Òógùn bò mí, àyà kò fún mi. "Ìlà ò wọlẹ̀, Tísà. Ẹ máa bọ̀." Ọkàn mi sáré dé ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé, ó sì kọjá rẹ̀. Ní ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin mi, n kò rìn kí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà kọ̀wé pé Sẹ̀wánù kò jẹ̀bi, ó sì ti padà sídìí ẹ̀rọ láti ọjọ́ Ajé.

Bọ́lá nìkan ni kò tíì mọ̀. Ó ń bọ̀ ní Sátidé láti wá bá mi dúpẹ́. Títí di àná, "obìnrin tó fẹ́ pa màámi" ló ń pe Sẹ̀wánù.

Ẹ forí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi: báwo ni ìyá ṣe ń sọ fún ọmọ tó gbèjà rẹ̀ pé ẹni tó ń bú yẹn kò ṣẹ̀, pé òun ìyá gan-an ni?