Sípíkà Ọkọ Mi Tó Ń Lu Etí Ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ ti jókòó sí pálọ̀ yín rí ní ọ̀sán gangan, kí òkú máa fi àjẹ̀ lu etí ọkọ̀ nínú sípíkà tí kò kọrin? Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, ó sì ti sọ ilé mi di ahoro. Ìyàwó ọmọ mi kan ṣoṣo wà ní Èkìtì báyìí pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, ó ní òun kò ní bímọ sí Ajídò mọ́. Ṣé ojú mi á tiẹ̀ kan ọmọ náà? N kò mọ̀.

Ègùn ni wá, apẹja sì lọkọ mi. Tó bá ti da àwọ̀n yí ẹja ká lórí ọ̀sà, á máa fi àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ lu etí ọkọ̀: kò-kò-kò, kò-kò-kò, á sinmi díẹ̀, á tún lù ú, kí ẹja lè sá wọ àwọ̀n. Olúkúlùkù apẹja ló ní bó ṣe ń lu tirẹ̀. Láti ìdí ààrò tí mo ti ń yan ẹja ni mo ti máa ń mọ̀ pé ọkọ tèmi nìyẹn. Ohun kejì tó fẹ́ràn ni ẹ̀rọ orin rẹ̀, oní-sípíkà méjì tó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo ní kí ẹnikẹ́ni má pa ẹ̀rọ náà. Bó ṣe tàn án sílẹ̀ ló wà. Bí iná bá ti dé, iná pupa ojú rẹ̀ á tàn, kò ní kọrin, á kàn máa wò wá.

Tóyìn, ìyàwó Sètọ́njí ọmọ mi, kó dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ ni, orí kọ̀ǹpútà yẹn ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbé àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì funfun kékeré kan, tó ní káàdì bíi ti fóònù nínú, sójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan tó lọ sí Ìjàníkìn, mo rí i pé atẹ́gùn oníyọ̀ ń fẹ́ sí i. Mo gbé e ka orí sípíkà ọkọ mi, mo fi aṣọ bò ó. Ibẹ̀ ló mọ́ jù ní pálọ̀. Ta ni mo sọ fún? Kò sẹ́nìkan. Tóyìn rò pé ọkọ òun ló gbé e, ọkọ náà rò pé ìyàwó òun ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Tóyìn ṣí kọ̀ǹpútà, èmi ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀. Ni mo bá gbọ́ ọ. Kò-kò-kò. Kò-kò-kò. Ó sinmi. Kò-kò-kò. Lẹ́yìn náà ó kùn hùùù, bí ìjì tó ń bọ̀ lórí omi. Apẹ̀rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Orí mi wú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ ọkọ mi ni!

"Ìyàwó, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màámi. Ẹ̀rọ yẹn ló ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pa á."

"Pa ta ni? Ọkọ tèmi?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bó bá jẹ́ Bàbá ni, Màámi, ẹ ní kí wọ́n kọrin fún wa, kí wọ́n yé kanlẹ̀kùn."

Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú. Mo wá ń ṣọ́ ọ. Bó bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, lílù á le. Bó bá pa á dé, lílù á dínkù. Kí ni kí n rò? Ẹja ni wọ́n ń fi àjẹ̀ lé. Ta wá ni ọkọ mi ń lé ní pálọ̀? Mo gbé omi tútù síwájú sípíkà, mo fi èdè wa bẹ̀ ẹ́, ó ń lù ú lọ. Ó dé ibi pé ẹ̀yìn ni mo fi ń rìn jáde, kí n má baà kẹ̀yìn sí i. Lọ́jọ́ tó ń lù ú kíkankíkan, Tóyìn gbọ́wọ́ lé ikùn, ó ní bí ọmọ náà bá ti gbọ́ ọ, á máa ta. Ha! Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: "Bàbá Sètọ́njí ló ń lé ẹ. Ó ní oyún yẹn kì í ṣe ti ọmọ òun."

Ẹyin lohùn. Tóyìn kò sunkún. Sètọ́njí tó wà nílé lọ́jọ́ náà wo sípíkà, ó wo ikùn ìyàwó rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó ti di ẹrù.

Ó lọ tán, lílù kò tán. Ó rọra ń lù ú, kò-kò, kò-kò. Èmi nìkan ló sì kù nílé lọ́sàn-án. Ta ló tún ń lé?

Ìyẹn ni mo fi sáré pe ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń tún rédíò ṣe. Ó ká aṣọ kúrò. "Ìyá Sètọ́njí, ta ló gbé èyí síbí?" Ó gbé àpótí náà padà sójú fèrèsé, sípíkà dákẹ́. Ó gbé e padà wá, kò-kò-kò. Ó ní àpótí yìí máa ń bá másìtì fóònù sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, sípíkà tó bá sún mọ́ ọn á máa gbọ́ ọ. Bí iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń pọ̀ tó. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin péré ló yẹ kó wà láàárín wọn. Kí n má parọ́, ìdákẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju lílù lọ. Ó dà bíi pé ọkọ mi tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú àpótí yìí, ẹ gbé e jìnnà sí sípíkà. Ẹ sì bá mi wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bẹ ọmọ ọlọ́mọ, nítorí tèmi ti tán.

Àná ni mo pe Èkìtì. Ìyá Tóyìn ló gbé fóònù. Mo ṣàlàyé àpótí, mo ṣàlàyé káàdì, mo ṣàlàyé afẹ́fẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Àna mi, mo gbọ́ yín. Ṣé àpótí ló wá sọ pé oyún kì í ṣe tọkọ rẹ̀?"

"Rárá o."

"Òkú ló sọ ọ́?"

Mo yíjú wo sípíkà.

"Àna mi, ta ló sọ ọ́?"

"Èmi ni," mo wí. "Èmi ni mo sọ ọ́."