Agbádá Funfun Nínú Omi Aró

Nínú ọkọ̀ Wásinmi ni tíṣà kan ti ń sọ ìtàn inú ìwé òyìnbó àtijọ́ fún ìyá aláró tó jókòó tì í.

“Olówó yìí lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tòṣì, olówó náà ló sì padà wá bẹ ẹ̀gbọ́n ọ̀hún.”

“Ṣé ó dọ̀bálẹ̀?”

“Òyìnbó kì í dọ̀bálẹ̀, mà. Ó ṣí fìlà.”

“Fìlà lásán! Àbúrò mi tó lé mi lẹ́nu géètì, inú omi aró tó dà sílẹ̀ níbi iṣẹ́ mi ló dọ̀bálẹ̀ sí, tòun ti agbádá funfun.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo ti dárí jì í kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀.”

Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn wọn, tí mo ń lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo pa tì nígbà tí mo lówó, mo mí kanlẹ̀. Mo wo bùbá funfun ọrùn mi, mo sì dúpẹ́ pé àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe aláró.