Ẹni Tó Ga Ló Ń Ṣe Ọkùnrin

Ẹ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn kù, kí ẹ lè gbọ́ mi. Fadéké, ìwọ lò ń rẹ́rìn-ín jù. Kí ni ọmọbìnrin yẹn ṣe? Òṣèré ni, kì í ṣe oníjó. Wọ́n ní kí àwọn gbajúmọ̀ wá díje nínú ijó, ó wá, ó jó. Ó ga ju ọkùnrin tí wọ́n fún un lọ, ó wá ń fà á káàkiri bí ẹni ń fa ewúrẹ́ wọlé lójò. Àwọn adájọ́ fún un ní máàkì tí kò dáa, wọ́n ní ọkùnrin ló yẹ kó máa darí, òun ló ń darí ọkùnrin. Ẹ̀yin náà wá ń fi ṣẹ̀sín. Ó dáa. Ẹ jókòó. Káyọ̀dé, ká ẹsẹ̀ rẹ kò, má fi gbogbo àga ṣe bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọge, tí orúnkún yìí ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu… ẹ gbọ́, mo ga. Ẹ má wo bí mo ṣe tẹ̀ báyìí. Mo ga ju gbogbo ọmọbìnrin tó wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́ tíṣà lọ. Obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù wa, obìnrin kúkúrú kan báyìí, bàtà pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń wọ̀ kí a má baà gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n bá ń bọ̀. Wọ́n á ní, "Ọkùnrin kan kò ní gba géètì yìí wọlé, àfi bíṣọ́ọ̀bù àti agbépóò."

Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ká mọ ijó òyìnbó. Èyí tí ọkùnrin á di obìnrin mú ní ìbàdí, tí wọ́n á jọ máa yí po. Wọ́n ní tíṣà tí kò bá mọ̀ ọ́n, ojú á tì í láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Báwo la ṣe máa kọ́ ọ láìsí ọkùnrin? Wọ́n tò wá síwájú ògiri. Ẹni tó ga, ọkùnrin. Ẹni tó kúrú, obìnrin. Ó parí. Àwa tí a jẹ́ ọkùnrin, a máa ń so áńkáṣíìfù mọ́ apá kí wọ́n lè dá wa mọ̀.

Gbogbo Sátidé, gírámafóònù á máa kọrin, mátírọ́ọ̀nù á máa pàtẹ́wọ́… ọkùnrin á máa lọ síwájú, obìnrin á máa fẹ̀yìn rìn. Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ? Ọkùnrin, iwájú. Obìnrin, ẹ̀yìn. Mo mọ̀ ọ́n jó débi pé wọ́n ń dù mí. "Mojísọ́lá ni mo fẹ́ kó mú mi." "Rárá, èmi ló kàn." Mo mọ bí wọ́n ṣe ń di èèyàn mú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yìn nìkan ni mi ò lọ rí. Ta ló fẹ́ tì mí lọ sẹ́yìn?

Òde òní ńkọ́? Ẹ lọ sí Ẹ̀gbẹdá níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó máa kọ́ ọkọ àti ìyàwó níjó kí ìgbéyàwó tó dé. Tí wọ́n bá ṣì í jó, wọ́n á tún un jó, fóònù á tún un ká sílẹ̀. Nígbà tiwa, tó o bá ti ṣì í jó lójú agbo, ó di ìtàn ìlú nìyẹn. Tèmi náà di ìtàn ìlú.

Mo jáde ilé ẹ̀kọ́, wọ́n rán mi lọ ṣe tíṣà ní ìlú kan. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé bàbá yín àgbà. Akọ̀wé ni, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Débọ̀ lónìí, ẹ má bá mi wí, ọmọkùnrin ṣá ni nígbà yẹn. Kò ga. Èjìká mi ló mọ. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń tẹ́tí gbọ́ ọ títí á fi sọ ọ́ tán. Ọkùnrin mélòó lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Bí mo bá ṣèèṣì gbọ́ ohùn ẹ̀ níta kíláàsì mi, ṣọ́ọ̀kì á bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá Débọ̀ ti kú láti kékeré ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Ìbídùn, ló tọ́ ọ dàgbà. Àwọn ni ìyá, àwọn ni bàbá. Ẹni tí Àǹtí Ìbídùn bá kọ̀, Débọ̀ ò lè fẹ́ ẹ. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ fún mi: "Mojísọ́lá, tí wọ́n bá ti gbà, ó parí. Tí wọn ò bá wá gbà…"

Tíṣà ẹgbẹ́ mi kan wá ń ṣègbéyàwó. Àǹtí wọkọ̀ wá láti Ìbàdàn, nítorí kí wọ́n lè fojú rí mi ni. Mo wọ gáùnù búlúù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Nígbà tí mo dìde, wọ́n wò mí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dókè.

Orin dún. Débọ̀ nawọ́ sí mi. Ó gbé ẹsẹ̀ síwájú. Èmi náà gbé ẹsẹ̀ síwájú. Àyà kọlu àyà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Jẹ́ ká tún un ṣe." A tún un ṣe, a tún kọlura. Mo sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó lọ sẹ́yìn, kò lọ. Gbogbo ojú ń wò wá. Ẹ̀rù wá bà mí. Tí ẹ̀rù bá sì ti ba èèyàn, nǹkan tó mọ̀ ló máa ṣe. Mo bá di ìbàdí ẹ̀ mú gírígírí, bí mo ṣe ń mú àwọn ọmọbìnrin nílé ẹ̀kọ́, mo bá gbé e lọ. Mo jó… ẹ gbọ́ ná, mo jó dáadáa o. Òun ni kò mọ̀ ọ́n fẹ̀yìn rìn. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kiri títí mo fi tì í jókòó lé bàbá ìyàwó lórí itan, pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì tó wà lọ́wọ́ bàbá náà.

Gbogbo họ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣa ìrẹsì kúrò lára aṣọ àbúrò wọn, wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́: "Débọ̀, ṣé ìyàwó lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ọkọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo délé, mo sunkún… Kì í ṣe ìtìjú ló ń pa mí lẹ́kún. Mo rò pé mo ti pàdánù ẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn rìn. Mo fẹ̀yìn rìn ní kọ́rídọ̀ wa títí mo fi jókòó sínú garawa omi. Ẹsẹ̀ tó ti mọ iwájú, kò gbọ́. Débọ̀ náà ò sì yọjú. Sátidé kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Mo ní ó ti tán nìyẹn, Àǹtí ti gbà á lọ́wọ́ mi.

Àfi bó ṣe kan ilẹ̀kùn mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Eruku bo bàtà ẹ̀. Kò jókòó, kò mu omi. Ó ní, "Wá bá mi jó." Mo ní, "Búọ̀dá Débọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Orin dà?" Ó ní òun á fẹnu kọ ọ́. Mo bá múra láti fẹ̀yìn rìn, mo di ojú mi pa. Ó ní, "Rárá. Máa bọ̀."

Mo gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ó gbé tiẹ̀ sẹ́yìn. Wẹ́rẹ́. Mo tún gbé òmíràn, ó tún lọ. Kọ́rídọ̀ ilé ayálégbé nìyẹn o, ìkòkò wà níhìn-ín, garawa wà lọ́hùn-ún, mo sì ń darí ẹ̀ kọjá láàárín gbogbo ẹ̀. Mo ní, "Ta ló kọ́ yín?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Àǹtí Ìbídùn. Àwọn tí wọ́n bi í bóyá ọkọ ló fẹ́ fẹ́. Débọ̀ ní gbogbo Sátidé tí mi ò fi rí òun yẹn, Ìbàdàn lòun ń lọ. Ó ní òun dọ̀bálẹ̀ fún wọn, òun ní, "Ẹ kọ́ mi ní apá ti obìnrin." Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó ní, "Mojísọ́lá ò lè fẹ̀yìn rìn. Èmi á fẹ̀yìn rìn." Wọ́n wá dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ pé o ò ní máa rí ibi tí ò ń lọ?" Ó ní òun mọ̀. Wọ́n ní, "Bí gbogbo àwa obìnrin ṣe ń jó o nìyẹn, ẹnì kan ò bi wá rí bóyá ẹ̀rù ń bà wá. Ó dáa. Nawọ́ rẹ wá."

Àǹtí fúnra wọn ló ṣáájú àwọn tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi.

Ẹ wo ilé tí a jókòó sí yìí. Igbó ni gbogbo Ìgándò níhìn-ín nígbà tí mo ní ká wá ra ilẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní, "Ṣé inú igbó nìyàwó rẹ ń gbé ọ lọ?" Ó ní, "Òun ló ń wo iwájú." Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Mo ń wá irú ẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin ayé òde òní, mi ò tètè rí i…

Fadéké, mo ti gbọ́ pé ọkùnrin tó o fẹ́ mú wá kí wa kò ga, pé o ti gbé gbogbo bàtà gogoro rẹ pa mọ́. Lọ kó bàtà rẹ jáde jàre. Kí o dì í mú, ní kó fẹ̀yìn rìn, kí o sì máa wo ọrùn ẹ̀. Tó bá ń wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà, má bá a jà, kò tíì fọkàn tán ọ ni. Ní kọ́rídọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ti dáná sí sítóòfù lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, ìkòkò ọbẹ̀ ń hó lórí ẹ̀, ooru ẹ̀ ń ta á lẹ́sẹ̀. Mo ń tì í lọ síbẹ̀, kí n tó yí i kúrò. Débọ̀ ò wẹ̀yìn.