Ilẹ̀kùn Ìyá ní Gàmbàrí

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣàngó, níbi tí mo ti ń dúró kí wọ́n bá mi dán fáànù wò, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nídìí AC.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká ra èyí fún Ìyá. Orí ẹní ìkírun ni ooru ti mú wọn dákú lẹ́ẹ̀rùn èṣí."

"Mo rántí. Àmọ́ a ó ní láti máa ti ilẹ̀kùn wọn pa."

"Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn."

"Ìyá kì í ti ilẹ̀kùn lójúmọmọ. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí mọ́sálásí ló ń kí wọn, wọ́n á sì dáhùn láti inú yàrá."

"Ṣé ìkíni ló máa mú ara wọn tutù ni?"

Ọkùnrin náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n dákú yẹn, ẹnì kan ló ń kọjá tó kí wọn, tí kò gbọ́ ohùn wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọlé. Tá a bá wá ti ilẹ̀kùn, ta ló máa mọ̀ pé Ìyá ò dáhùn?"

Wọ́n ti gbé fáànù mi lé mi lọ́wọ́, mo ṣì dúró, àfi bíi pé èmi ni wọ́n bi.