Tẹlifíṣọ̀n Tí Mo Gbé Kọ́ Ògiri Amọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i, àṣírí yìí ti fẹ́ pa mí. Ọwọ́ ọ̀tún màmá tó bí màmá mi kò lè di nǹkan mú mọ́. Àbúrò mi ló ń bá wọn ṣe àlùwàlá báyìí. Gbogbo ilé ló gbà pé Màmá ló fọwọ́ ara wọn fà á. Irọ́ ni! Èmi ni.

Ọ̀dọ̀ Màmá ni mò ń gbé, nínú agboolé wa ní Ẹdẹ. Nígbà tí mo ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, mo ní ara ògiri ló máa wà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí wọ́n ń dáko ní Alájùẹ, ní kí n jẹ́ kí bíríkìlà kọ́kọ́ wo ògiri náà. Kí ni mo fẹ́ fi bíríkìlà ṣe? Ṣebí mo ti wo fídíò mẹ́rin! Mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri, mo gbé fóònù sórí àga kó máa ká mi sílẹ̀, torí mo ti ní káwọn ọ̀rẹ́ mi máa retí fídíò tèmi.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ògiri náà dán lójú, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì kùn ún. Àmọ́ bí ẹ̀rọ ṣe wọlé díẹ̀ báyìí, kò le mọ́, erùpẹ̀ pupa ló ń dà jáde. Ògiri amọ̀ táwọn bàbá ńlá wa mọ ni, aṣọ lásán ni sìmẹ́ńtì yẹn! Ọkàn mi ní kí n dúró. Ṣùgbọ́n fóònù ń ká mi, ojú sì ń tì mí. Mo fi bébà dí ihò náà kí nọ́ọ̀tì lè há, mo gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́. Màmá mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń gbá erùpẹ̀ náà.

"Ṣé ògiri yìí máa gbà á, ọkọ mi?"

"Màmá, ẹ ṣáà jókòó, kẹ́ ẹ máa wo wáàsí yín."

Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá. Màmá kírun àlàásárì tán, wọ́n fi ìborùn wọn kọ́ etí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó já lulẹ̀ tòun ti ògiri. Orí ni wọ́n ń fọwọ́ bò, ọwọ́ ló kán. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi dé, tí wọ́n ń bi mí, ẹnu mi ṣáà sọ pé bíríkìlà ti wò ó, ìborùn Màmá ló fà á. Ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́! Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá wọn wí níṣojú mi. Mo pa fídíò náà rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ilé àtijọ́, ẹ má wo ojú ògiri, ẹ wo ohun tó ń dà nínú rẹ̀. Tó bá ti pupa, ẹ sọ ẹ̀rọ kalẹ̀.

Láàárọ̀ àná, Màmá pè mí. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, má bínú sí mi. Mo ba tẹlifíṣọ̀n rẹ jẹ́."

Mo ní kò burú, mo ti dárí jì wọ́n. Èmi! Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi padà lọ bá wọn?