Ọlọ́run Gba Ọmọ Mi Lọ́wọ́ Kànìnkànìn Mi

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìsinmi òní. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi awọ bo egungun wa. Ẹnìkan lè máa rò ó níkùn pé irú ọpẹ́ wo nìyẹn. Ẹ ní sùúrù. Ẹni tí awọ ara kò bá yọ lẹ́nu rí kì í rántí dúpẹ́ lórí awọ. Fíkà wa ti ní kí n má pẹ́, mo sì ti ṣèlérí, ṣùgbọ́n gbogbo yín mọ̀ pé tísà ni mí, a kì í tètè parí ọ̀rọ̀.

Ẹ wo apá mi. Ẹ wò ó dáadáa, mo gbé e sókè fún yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jọ́sìn níbí, kò sì sí ẹni tó rí ìgúnpá mi rí nínú yín. Bí oòrùn Ọ̀fà ń ta bí iná, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ni mò ń wọ̀. Tí wọ́n bá ní ká kí ara wa ní àlàáfíà, màá ti fi ìborùn bo ọwọ́, màá wá máa fi orí kí yín bí alángbá. Àwọn kan ti sọ pé ìgbéraga ló ń dà mí láàmú. Mo gbọ́ ọ. Ẹ má bínú, kì í ṣe ìgbéraga rárá, ìtìjú ni.

Láti kékeré ni mo ti ní i. Awọ mi á gbẹ, á máa yún mi, tí mo bá họ ọ́, á sán, á wá máa ṣe ìpẹ́ bíi ti ẹja. Tí ọyẹ́ bá dé, kí n ká ọwọ́ lásán á di iṣẹ́. Ẹ́kísímà ni àwọn dókítà ń pè é. Màámi náà ní i, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹja gbígbẹ ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwa ọmọdé nílé ẹbí, ẹnìkan á ti bu tèmi sọ́tọ̀ kí n tó jókòó. Kò sí ẹni tó bú mi níbẹ̀ o. Wọ́n kàn máa ń bù ú sọ́tọ̀ ni. Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí mo lóyún Ìfẹ́olúwa, ọmọ mi kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ yìí, àdúrà kan péré ló wà lẹ́nu mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ gbọ́n, kí ó ní ìlera, kí ó jẹ́ ẹni ńlá. Èmi ń wí pé, Olúwa, má jẹ́ kó jọ mí. Má jẹ́ kó jogún awọ yìí. Ọjọ́ tí mo bí i, nọ́ọ̀sì gbé e lé mi láyà, ẹ sì mọ ohun tí mo ṣe? Mi ò wo ojú rẹ̀. Ìgúnpá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yí wò. Mi ò tíì mọ̀ bóyá imú bàbá rẹ̀ ló gbé wá, mo ti ń yẹ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ wò! Awọ rẹ̀ ń dán gbinrin. Mo sunkún ayọ̀ títí wọ́n fi ní kí n sinmi.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní àràárọ̀ màá gbé e lọ sójú fèrèsé, màá máa wá àrùn lára rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mọ bí a ti ń wẹ ọmọ nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé a gbà pé ọmọ tí wọn ò bá fọwọ́ gidi wẹ̀ ní kékeré, ara rẹ̀ á máa rùn títí yóò fi dàgbà. Ìyá ọkọ mi wẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, wọ́n nà án, wọ́n fún un, wọ́n sì padà sílé wọn. Èmi ò dúró síbi tí wọ́n dúró sí. Mo ní tí nǹkan yìí bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, màá fọ̀ ọ́ jáde ni. Mo ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, mo ń wẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, mo tún ń wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ọṣẹ dúdú tí mo po imí ọjọ́ mọ́ ni, pẹ̀lú kànìnkànìn tuntun tí kò tíì rọ̀. Tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, màá fi òróró àdúrà kan pa á lára látorí dé ẹsẹ̀, òróró tó ń ta sánsán bíi lọ́fínńdà. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì wa o, Fíkà, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti rà á.

Ìjàkadì l'orò Ọ̀fà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tiwa nínú yàrá ìwẹ̀ ti kọjá orò. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọ́nà, á gbé báàgì lọ́wọ́, á fẹ́ lọ wọ bọ́ọ̀sì, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Màmá Ìfẹ́, ọmọ lò ń wẹ̀ ni àbí aṣọ lò ń fọ̀?"

Màá ní kí ó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, pé kì í ṣe òun ni wọ́n pè ní ẹja gbígbẹ.

Nígbà tí Ìfẹ́olúwa pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ọyẹ́ dé, mo rí i. Ìgúnpá méjèèjì ti gbẹ, ó ti funfun, ọmọ sì ń họ ọ́. Háà! Ilẹ̀ yàrá ìwẹ̀ yẹn ni mo jókòó sí. Mo ní kí Olúwa fi ẹ̀ṣẹ̀ mi hàn mí. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo fi kún ọṣẹ, mo fi kún imí ọjọ́, mo fi kún òróró. Ṣé ẹ rí i, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Kí oṣù tó parí, ibi tó gbẹ ti di egbò, egbò sì ti dé ọrùn. Tí ọmọ mi bá ti gbọ́ ìró bọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, á sá lọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Èmi ìyá rẹ̀ ló ń sá fún. Mo sì ń fà á jáde, mo ń sọ pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é.

Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ni òun náà ń lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tísà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí pé ọmọ yìí kọ̀, kò bọ́ súẹ́tà, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ta, òógùn ti bò ó. Mo bá a ní ìdúró lábẹ́ igi, ó di ọwọ́ súẹ́tà mú ṣinṣin. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Èmi fúnra mi ni mo ti ń bu oúnjẹ ọmọ mi sọ́tọ̀.

Màmá kan wà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá wa níbí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn, wọ́n ń fojú sọ fún mi pé kí n má dárúkọ àwọn. Mo lọ bá wọn pé kí a jọ gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní, "A ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń ṣe àmín, kí o wọ mọ́tò Ìlọrin." Wọ́n ní dókítà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé awọ ara nìkan ló ń wò.

Dókítà yẹn kò dàgbà tó mi. Ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo fi ń wẹ ọmọ àti ohun tí mo fi ń pa á lára. Ẹ̀yin ará, mo kà á fún un pẹ̀lú ìgbéraga! Mo rò pé ó máa yìn mí ni. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé orí òróró, ó gbé bírò kalẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń wẹ̀ ẹ́ lójúmọ́?"

Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó fa ọmọ mọ́ra, ó di apá rẹ̀ mú jẹ́jẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé lóòótọ́ ni, ọmọ jogún awọ gbígbẹ lọ́dọ̀ mi. Ó ní kì í ràn, kì í ṣe ìdọ̀tí, kò sì sí ẹni tó ṣe ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn egbò wọ̀nyẹn ló yàtọ̀, pé ọṣẹ yẹn, kànìnkànìn yẹn, àti lọ́fínńdà inú òróró ló ń bó awọ náà.

"Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, Mọ́mì," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi."

Mo sunkún níwájú dókítà kékeré yẹn, mi ò tijú. Mo ti ń de Bìlísì lójoojúmọ́ ayé, èmi gan-an ni kànìnkànìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú mọ́tò nígbà tí a ń padà bọ̀, Ìfẹ́olúwa sùn lé mi lẹ́sẹ̀, Màámi ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. Awọ yìí kan náà ló wà lára wọn, wọ́n sì fi í pọ̀n mí. Mo rántí ẹ̀yìn wọn. Mi ò rántí pé ó ṣe ìpẹ́. Ohun tí mo rántí ni pé ó móoru, pé mo máa ń sùn síbẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé, ìyá wo ló ń gbàdúrà kí ọmọ òun má jọ òun? Mo ní, Ọlọ́run, dárí jì mí, mo ti pẹ̀gàn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tipẹ́.

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, ọṣẹ tí kò le, ọwọ́ lásán, kò pẹ́ lómi. Kí omi tó gbẹ lára rẹ̀, mo ti fi fasilíìnì tí kò lóòórùn pa á. Mo ń lo kíríìmù tí dókítà kọ fún wa bí wọ́n ṣe ní kí n lò ó. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ o, kò tíì lọ pátápátá, tí ọyẹ́ bá dé ó máa ń yọjú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, Ìfẹ́olúwa fúnra rẹ̀ gbé abọ́ rẹ̀ wá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wẹ̀ mí." Ó wá fúnra rẹ̀! Mo ní kí ó dúró dè mí, mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo nu ojú mi.

Èyí tó gbé mi wá síwájú yín lónìí ṣẹlẹ̀ ní táàmù tó kọjá. Ìfẹ́olúwa ti di ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí. Ọmọbìnrin tuntun kan dé kíláàsì wọn, irú nǹkan yìí wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn yòókù kò sì fẹ́ bá a jókòó. Mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi.

"Kì í ràn. Má họ ọ́, fasilíìnì ni kí o máa fi pa á. Èmi náà ní i, wò ó." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Mọ́mì mi ló fún mi."

Ẹ̀yin ará, mo di ògiri mú. Gbólóhùn tí mo ti ń sá fún kí n tó bí i nìyẹn. Ẹkún ni mo rò pé yóò fi sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan. Bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà Kérésìmesì fún ló ṣe sọ ọ́.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó gba ọmọ mi lọ́wọ́ ẹ̀rù mi. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé, tàbí tó ń retí ọmọ, kí ó bá mi yọ̀, kí ó sì lọ wo ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin akọrin, ẹ má jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi gbé orin. Ìfẹ́olúwa, ọmọ tó jọ mí, dìde níbẹ̀, wá bá mi jó.